Soto ti bá Mets lọ: kí ni Yankees fẹ́ fi owó yẹn ṣe?

BàbáBronx · Ajé, 9 Oṣù Kejìlá 2024, 5:48 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Mi ò rí oorun sùn. Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́ àná ni fóònù mi dún, àbúrò ìyàwó mi tó ń gbé ní Queens ni. Kò kí mi, kò béèrè ọmọ. Ẹ̀rín ló ń rín. Mo ti mọ̀ pé ó parí nìyẹn.

Ọdún 15, mílíọ̀nù 765 dọ́là. Juan Soto, agbábésíbọ́ọ̀lù tó gbá fún Yankees wa lọ́dún yìí, ti di ti Mets, ẹgbẹ́ New York kejì tó wà ní Queens. Mílíọ̀nù 75 nínú rẹ̀ jẹ́ owó ìtọwọ́bọ̀wé, wọn ò sì dá kọ́bọ̀ dúró di ẹ̀yìn ọ̀la bí Dodgers, ẹgbẹ́ Los Angeles, ṣe dá 680 nínú 700 owó Ohtani agbábọ́ọ̀lù wọn dúró. Àwa náà fi 760 lọ̀ ọ́ fún ọdún 16, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ahun ni wá.

Èyí tó ń dùn mí ni ohun tí a fi mú un wá. Oṣù Kejìlá ọdún tó kọjá, a kó Michael King, Drew Thorpe, Jhony Brito, Randy Vásquez àti Kyle Higashioka fún San Diego kí a tó rí Soto àti Trent Grisham gbà. Ajùbọ́ọ̀lù mẹ́rin àti catcher kan (ẹni tó ń mú bọ́ọ̀lù tí ajùbọ́ọ̀lù bá jù), nítorí ọdún kan ṣoṣo. King sì ṣe bẹbẹ lọ́hùn-ún lọ́dún yìí.

Ẹ wá sọ tiyín. Tí ẹ bá jẹ́ Brian Cashman, tó ń bá Yankees mú agbábọ́ọ̀lù, kí lẹ máa fi owó náà rà? Ẹ má bú ara yín o.

ỌmọMets · Ajé, 9 Oṣù Kejìlá, 6:20 àárọ̀

Ẹ kú àṣẹ̀yìndè o, Bàbá. Ọlọ́run á fi èyí ṣe òpin ọ̀fọ̀. 😂

Tí ojú ọmọ yín bá ń wù yín rí, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin 4 dé Grand Central, kí ẹ bọ́ sínú 7. Títí dé ẹnu ọ̀nà pápá wa ló ń lọ.

BàbáBronx · Ajé, 9 Oṣù Kejìlá, 6:24 àárọ̀

Mo gbọ́. Ìwọ náà á dàgbà.

Àdùkẹ́Yonkers · Ajé, 9 Oṣù Kejìlá, 7:35 àárọ̀

Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́. Èmi ò sunkún ní tèmi, ẹ jẹ́ n sọ ìdí rẹ̀.

Ọjọ́ 30 Oṣù Kẹwàá, eré karùn-ún World Series (àṣekágbá ọdún), nínú pápá wa. A ti fi 5 sí 0 ṣíwájú Dodgers. Cole tiwa ló ń jù, wọn ò tíì rí hit kan (bọ́ọ̀lù tó ń gbé ẹni tó gbá a dé base) gbá lára rẹ̀. Inning (abala eré) karùn-ún dé. Bọ́ọ̀lù tí ọmọdé lè mú bọ́ lọ́wọ́ Judge wa. Volpe wa ju tirẹ̀ sí third base (ibùdó kẹta tí àwọn tó ń gbá máa ń sáré dé), ó balẹ̀ kó tó débẹ̀. Mookie Betts ti Dodgers gbá òmíràn jẹ́jẹ́ sọ́dọ̀ Rizzo wa, Cole kò sáré lọ bo first base, ó dúró ó ń nàka. Run (àmì ayò) márùn-ún wọlé, kò sì sí ọ̀kan tí ìwé kà sí Cole lọ́rùn nínú wọn. Nígbà tí ilẹ̀ á fi ṣú tán, 7 sí 6, Dodgers ń da ọtí síra wọn lára.

Soto wà nínú ẹgbẹ́ lọ́jọ́ yẹn o! Ó gbá home run (bọ́ọ̀lù tó fò kọjá ògiri pápá) 41 lọ́dún yìí. Òun náà ló gbé wa kọjá ẹgbẹ́ Cleveland ní inning kẹwàá. Kò sẹ́ni tó lè bu iṣẹ́ rẹ̀ kù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àìlè-gbá ló pa wá, àìlè-mú ni. Ẹ bá mi wá àwọn tó lè mú bọ́ọ̀lù, kí wọ́n sì mọ ibi tó yẹ kí wọ́n dúró sí.

Mesíọgọ̀ · Ajé, 9 Oṣù Kejìlá, 8:02 àárọ̀

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi l'Amẹ́ríkà, ẹ jọ̀ọ́, mo ń wò yín láti Ìbàdàn. Bésíbọ́ọ̀lù ò tíì yé mi tán, World Series yẹn ni mo fi bẹ̀rẹ̀, mo sì ti sọ ara mi di ti Yankees nítorí fìlà. Ìbéèrè mi rèé: bí Chelsea bá pàdánù ẹnì kan, wọ́n á lọ ra mẹ́ta. Kí ló dé tí ẹ ò kàn fi owó ra ẹlòmíràn lọ́wọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀? Kí sì ni luxury tax tí mo ń rí kà níbi gbogbo?

OníṣiròHouston · Ajé, 9 Oṣù Kejìlá, 9:41 àárọ̀

Àbúrò, ìbéèrè gidi lo béèrè. Jẹ́ n dá ẹ lóhùn kí àwọn àgbà tó bẹ̀rẹ̀ ìjà.

Nínú bọ́ọ̀lù aláfẹsẹ̀gbá, ẹgbẹ́ tó fẹ́ èèyàn á kó owó fún ẹgbẹ́ tó ni ín. Níbí, èèyàn la fi ń gba èèyàn. Tí o bá fẹ́ ajùbọ́ọ̀lù mi, kó àwọn ọ̀dọ́ tó ń bọ̀ lẹ́yìn nílé rẹ wá. Owó oṣù rẹ̀ á bá a lọ bí ẹrù ìyàwó, ìwọ ni wàá máa san án. Ẹni tí àdéhùn rẹ̀ bá sì ti pé, bíi Soto, ó lè bá ẹni tó wù ú lọ, ẹgbẹ́ tó fi sílẹ̀ ò ní rí owó gbà.

Ó wá ku luxury tax. Kò sí òfin tó ní kí ẹgbẹ́ má ná ju iye kan lọ, ṣùgbọ́n MLB, àjọ tó ń darí líìgì, fa ìlà. Mílíọ̀nù 241 dọ́là ni ìlà ọdún 2025. Èyí tó bá lé sórí rẹ̀ ni wọ́n máa gba ìtanràn lé lórí. Ọdún àkọ́kọ́ tí o bá kọjá, 20 nínú 100. Tó bá di ọdún kejì léraléra, 30. Ọdún kẹta sókè, 50, ibẹ̀ làwa wà. Tí o bá wá fi mílíọ̀nù 60 lé e, tí o kan 301, wọ́n á fi 60 lé 50 yẹn. Ó di 110 nínú 100. Dọ́là kan tí o bá ná kọjá ibẹ̀, dọ́là kan àti sẹ́ńtì mẹ́wàá lo máa san lé e. Ìlà òkè yìí ni wọ́n ń fi orúkọ Steve Cohen pè, nítorí nígbà tí wọ́n fi í sófin ní 2022, ọwọ́ ẹni tó ni Mets yìí ni gbogbo wọn ń wò.

Ìpíndọ́gba ọdọọdún ni wọ́n sì ń kà. 765 sí ọ̀nà 15, 51 ni. Ká ní Soto gba tiwa, 760 sí ọ̀nà 16, 47.5. Judge ń gba 40. Cole ń gba 36. Ọkùnrin mẹ́ta péré, 123.5, ju ìdajì 241 lọ, a ò sì tíì ka Stanton. Èèyàn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ń wọ aṣọ lọ́jọ́ eré.

Mesíọgọ̀ · Ajé, 9 Oṣù Kejìlá, 9:55 àárọ̀

Háà! Ẹ ṣeun ẹ̀gbọ́n. Ó wá yé mi. Ó dà bíi kí èèyàn ra ẹran ní Bódìjà kí alága ọjà tún gba iye ẹran náà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

OníṣiròHouston · Ajé, 9 Oṣù Kejìlá, 10:03 àárọ̀

Ó tún lé díẹ̀.

BàbáBronx · Ìṣẹ́gun, 10 Oṣù Kejìlá, 6:15 ìrọ̀lẹ́

Wọ́n ti mú Max Fried o! Ọdún 8, mílíọ̀nù 218. Kò tíì sí ajùbọ́ọ̀lù ọlọ́wọ́ òsì tó gba iye yẹn rí. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni.

Inú mi dùn, inú mi ò sì dùn. Ṣé ẹni tí eyín rẹ̀ yọ la máa lọ ra bàtà fún? Ẹni tó ń gbá la pàdánù, ẹni tó ń jù la rà.

Àdùkẹ́Yonkers · Ìṣẹ́gun, 10 Oṣù Kejìlá, 6:50 ìrọ̀lẹ́

Bàbá, run tí ẹ ò jẹ́ kí wọ́n gbà àti run tí ẹ gbà, ọgbọọgba ni. Ẹ ka orí wọn: Cole, Fried, Rodón, Clarke Schmidt, Luis Gil tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àmì-ẹ̀yẹ ọmọ tuntun ọdún. Marcus Stroman ti di ẹni kẹfà. Èyí tí mo fẹ́ràn lára Fried ni pé ilẹ̀ ló máa ń mú kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù sí. Kì í fò. Pápá wa kò tóbi lápá ọ̀tún, ẹsẹ̀ bàtà 314 péré ni, bọ́ọ̀lù tó bá fò níbẹ̀ ti lọ nìyẹn.

OníṣiròHouston · Ìṣẹ́gun, 10 Oṣù Kejìlá, 7:12 alẹ́

Ẹ má fi Fried ṣeré. Mo wà ní ìlú yìí ní 2021 nígbà tó wá bá Astros, ẹgbẹ́ ìlú yìí, nílé ní eré kẹfà World Series. Inning mẹ́fà, wọn ò rí run kan gbà lọ́wọ́ rẹ̀, Atlanta gba ife lọ lójú wọn. Aládùúgbò mi kan tú tẹlifíṣọ̀n palẹ̀ kí eré tó parí.

Ṣùgbọ́n mílíọ̀nù 27.25 tó máa gbà lọ́dọọdún nìkan kọ́ ló jẹ́. Atlanta ti fi qualifying offer (àdéhùn ọdún kan tí ẹgbẹ́ ń fi lọ ẹni tí àdéhùn rẹ̀ parí) lọ̀ ọ́, àwa sì jẹ́ ẹgbẹ́ tó ń san ìtanràn, nítorí náà a pàdánù ipò kejì àti ìkarùn-ún wa nígbà tí wọ́n bá ń yan àwọn ọ̀dọ́, àti mílíọ̀nù kan nínú owó tí a ń fi mú àwọn ọmọ òkè òkun. Fún ti Soto tó lọ, ẹ̀bùn tí a rí gbà ni ipò kan lẹ́yìn ìpele kẹrin. Ìyẹn ni wọ́n fi san 41 home run.

ỌmọMets · Ìṣẹ́gun, 10 Oṣù Kejìlá, 8:30 alẹ́

Ẹ máa ṣírò. A ti mú Clay Holmes yín náà, ọdún 3, mílíọ̀nù 38. A ní á fi í ṣe ajùbọ́ọ̀lù tó ń bẹ̀rẹ̀ eré.

Àdùkẹ́Yonkers · Ìṣẹ́gun, 10 Oṣù Kejìlá, 8:33 alẹ́

Holmes? Ẹ mú un, ẹ fi ọ̀yàyà gbà á. Ọkàn mi ti sinmi ní inning kẹsàn-án.

SisíBrooklyn · Ẹtì, 13 Oṣù Kejìlá, 4:40 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ní kí wọ́n ta Nestor Cortes mi? Mo wà níbi iṣẹ́, mo ń sunkún nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Cortes àti Caleb Durbin lọ Milwaukee pẹ̀lú owó díẹ̀, Devin Williams ajùbọ́ọ̀lù wọn bọ̀ sọ́dọ̀ wa.

Cuba ni wọ́n ti bí Cortes, ó dé Amẹ́ríkà ní ìkókó. Ọmọ ilẹ̀ tí wọ́n ti ń ki Ṣàngó títí dòní. Ẹ ò ní àánú.

BàbáBronx · Ẹtì, 13 Oṣù Kejìlá, 5:05 ìrọ̀lẹ́

Ọmọ mi, Ṣàngó ò sí níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ju bọ́ọ̀lù sí Freddie Freeman ti Dodgers. Eré àkọ́kọ́ World Series, inning kẹwàá, base mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kún, bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tó jù sí i ló bá ojú ọ̀run lọ. Mo ṣì ń gbọ́ ariwo rẹ̀ lójú oorun.

SisíBrooklyn · Ẹtì, 13 Oṣù Kejìlá, 5:09 ìrọ̀lẹ́

Ara rẹ̀ ò dá nígbà yẹn! Boone, olùkọ́ wa, ló gbé e sọ́kọ̀ tí kò lè wà. Ẹ bi Boone.

OníṣiròHouston · Ẹtì, 13 Oṣù Kejìlá, 5:31 ìrọ̀lẹ́

Ìṣòwò yìí dára, ó sì léwu. Changeup (bọ́ọ̀lù tó ń lọ́ra láti tan ẹni tó fẹ́ gbá a) Williams kò ní ẹlẹ́gbẹ́, bí ẹni pé wọ́n fi okùn fa bọ́ọ̀lù náà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn 2025, àdéhùn rẹ̀ parí. Ọdún kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan sí i! Nǹkan bí ọdún kan sẹ́yìn la ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú Soto. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ti Cortes náà parí lẹ́yìn 2025, nítorí náà, tọdún kan la fi gba tọdún kan. Durbin nìkan ló máa dùn wá lọ́jọ́ iwájú, torí a ti ń fojú sí i lára fún second base nítorí pé Gleyber Torres ń lọ.

Mesíọgọ̀ · Ẹtì, 13 Oṣù Kejìlá, 6:00 ìrọ̀lẹ́

Mo wo fọ́tò Williams. Irùngbọ̀n rẹ̀ dára o.

Àdùkẹ́Yonkers · Ẹtì, 13 Oṣù Kejìlá, 6:04 ìrọ̀lẹ́

Wò ó dáadáa kó tó lọ. Láti àwọn ọdún 1970 tí George Steinbrenner ti ra ẹgbẹ́ yìí ni irùngbọ̀n ti di èèwọ̀. Títí di òpin 2024 yìí, irun imú nìkan ni wọ́n gbà.

BàbáBronx · Ìṣẹ́gun, 17 Oṣù Kejìlá, 7:20 alẹ́

Cody Bellinger náà ti dé. Cody Poteet la fún Cubs, ẹgbẹ́ Chicago, Cubs sì máa bá wa gbé mílíọ̀nù 5 nínú owó rẹ̀. Mílíọ̀nù 27.5 ni owó oṣù rẹ̀ fún 2025.

Èyí mú mi rẹ́rìn-ín. Mo rántí bàbá rẹ̀, Clay. Ó gbá fún wa ní 1999 sí 2001. Kì í ṣe ìràwọ̀, ibi tí ẹnìkan bá ti rẹ̀ ni wọ́n ń fi í sí. Ọmọ rẹ̀ wá di MVP (agbábọ́ọ̀lù tó ta yọ jù lọ́dún) ní 2019 lọ́dọ̀ Dodgers. Ọmọ Yankees ti padà sílé.

Àdùkẹ́Yonkers · Ìṣẹ́gun, 17 Oṣù Kejìlá, 7:41 alẹ́

Ẹ wò ó nísinsìnyí! Bellinger ní center field, Judge padà sí right field tó mọ̀, Jasson Domínguez ní left field. Judge ò ní máa sáré káàkiri àárín pápá pẹ̀lú ara ńlá yẹn mọ́. Àwọn mẹ́ta yìí á mú bọ́ọ̀lù. Òsì ni Bellinger fi ń gbá, ògiri 314 yẹn á sì fẹ́ràn rẹ̀.

BàbáBronx · Ọjọ́rú, 18 Oṣù Kejìlá, 9:10 alẹ́

Mo gbà pé wọ́n ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ suite yìí. Wọ́n ní Mets fún Soto ní yàrá ńlá lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹbí rẹ̀ nínú pápá, àwa ní a ò lè ṣe é, pé àwọn gbajúmọ̀ wa tó bá fẹ́ ẹ máa ń fi owó ara wọn rà á. Nítorí yàrá! Ẹni tí ẹ fẹ́ fún ní 760!

Ọdún 1998 ni mo dé Bronx. Ọdún yẹn ni Cashman bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọdún yẹn la borí nínú eré 114. Ọ̀gá àtijọ́, George Steinbrenner, ìbá ti kọ́ ilé fún ìyá Soto. Hal, ọmọ ọ̀gá náà, ló sọ ní oṣù Karùn-ún ọdún yìí pé irú iye tí à ń ná lórí agbábọ́ọ̀lù kò ṣeé máa bá lọ. Ta ló ń sọ bẹ́ẹ̀ ní Yankees? Láti 2009 la ò ti gba ife.

OníṣiròHouston · Ọjọ́rú, 18 Oṣù Kejìlá, 9:48 alẹ́

Bàbá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mi ò gbà. Bí ẹ bá fún Soto ní yàrá lọ́fẹ̀ẹ́, kí lẹ máa sọ fún Judge? Ẹni tó gbá 58, tó jẹ́ MVP láìsí ẹni tó yàn ẹlòmíràn, tó ń gba 40 nígbà tí ẹni yẹn fẹ́ 51? Ẹ fẹ́ kí olórí ilé máa sanwó oúnjẹ kí àlejò máa jẹ ọ̀fẹ́.

Hal kò sì kọ̀ láti náwó. Ó fi 760 lọ Soto. Fried nìkan 218. Ahun kì í na irú ẹ̀.

BàbáBronx · Ọjọ́rú, 18 Oṣù Kejìlá, 10:02 alẹ́

Ọ̀rọ̀ Judge yẹn wọlé. Mi ò rí i láti ibẹ̀ yẹn.

Ṣùgbọ́n ta ló máa wà lórí base níwájú rẹ̀? Ìgbà 129 ni Soto gba walk (kí wọ́n jẹ́ kó lọ sí first base lọ́fẹ̀ẹ́) lọ́dún yìí. Ìdí nìyẹn tí Judge fi mú run 144 wọlé. Ní báyìí, wọ́n á kàn máa fún Judge ní walk, kí wọ́n dojú kọ ẹni tó tẹ̀ lé e.

Àdùkẹ́Yonkers · Ọjọ́rú, 18 Oṣù Kejìlá, 10:15 alẹ́

Mi ò ní èsì sí ìyẹn, Bàbá. Àfi tí Stanton bá lè ṣe bó ṣe ṣe ní oṣù Kẹwàá, tó gbá home run 7. Àfi tí orúnkún àti ìgbọ̀nwọ́ bá gbà fún un.

SisíBrooklyn · Àbámẹ́ta, 21 Oṣù Kejìlá, 3:22 ọ̀sán

Paul Goldschmidt! Ọdún kan, mílíọ̀nù 12.5. First base ti rí olówó orí. Ṣùgbọ́n ẹni ọdún 37 ni…

OníṣiròHouston · Àbámẹ́ta, 21 Oṣù Kejìlá, 3:58 ọ̀sán

MVP 2022. Lọ́dún yìí home run 22 ló gbá, ìpíndọ́gba .245, ẹsẹ̀ ti ń wúwo. Ṣùgbọ́n ó ní Gold Glove (àmì-ẹ̀yẹ fún ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù mú) mẹ́rin, Àdùkẹ́ á dákẹ́ ariwo.

Mesíọgọ̀, ìṣirò tìẹ rèé: tó bá jẹ́ pé orí ìlà 301 ni a máa wà nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá tán, 12.5 náà á fa ìtanràn 13.75. Mílíọ̀nù 26.25 fún bàbá ọlọ́dún 37. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá ẹni tó máa gba Stroman, tó ń gba 18.5, kúrò lọ́wọ́ wọn.

Mesíọgọ̀ · Àbámẹ́ta, 21 Oṣù Kejìlá, 4:10 ọ̀sán

Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìwé. Cole, Fried, Rodón. Williams ní ìparí. Goldschmidt ní first base, Volpe ní shortstop, Bellinger, Judge, Domínguez lẹ́yìn. Jazz Chisholm ni mo fi sí second base.

Ẹ̀gbọ́n, ta ló wà ní third base?

Àdùkẹ́Yonkers · Àbámẹ́ta, 21 Oṣù Kejìlá, 4:12 ọ̀sán

…

SisíBrooklyn · Àbámẹ́ta, 21 Oṣù Kejìlá, 4:13 ọ̀sán

Ọmọ yìí ti dá wàhálà sílẹ̀.

BàbáBronx · Àbámẹ́ta, 21 Oṣù Kejìlá, 4:30 ọ̀sán

Ọmọ olóṣù méjì nídìí bésíbọ́ọ̀lù ló rí i. Chisholm ló wà níbẹ̀ láti ìgbà tó ti dé ní oṣù Keje, kò sì gbá ibẹ̀ rí kó tó dé. Tí a bá dá a padà sí second base, third base ṣófo. Tí a bá fi í sílẹ̀, second base ló ṣófo. Durbin tó lè dí ọ̀kan, ó wà ní Milwaukee. DJ LeMahieu ṣì ní àdéhùn títí di 2026, ṣùgbọ́n ara ọkùnrin náà ti ń bẹ̀bẹ̀.

OníṣiròHouston · Àbámẹ́ta, 21 Oṣù Kejìlá, 4:44 ọ̀sán

Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá mú síbẹ̀, ẹ ti mọ iye tó máa jẹ́ gan-an. Ìlọ́po méjì, kí ẹ fi sẹ́ńtì mẹ́wàá lé dọ́là kọ̀ọ̀kan.

ỌmọMets · Àbámẹ́ta, 21 Oṣù Kejìlá, 5:15 ìrọ̀lẹ́

Bàbá, ọjọ́ 16 Oṣù Karùn-ún ni Soto máa wá kí yín ní Bronx. Eré mẹ́ta. Ẹni tó bá pàdánù á ra àmàlà fún ẹnì kejì.

BàbáBronx · Àbámẹ́ta, 21 Oṣù Kejìlá, 5:17 ìrọ̀lẹ́

Pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ẹran ògúnfe. Má gbàgbé pọ́ọ̀sì nílé.